Kí Jíìnsì Má Kú sínú Bàsíà: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni tó ń Tà á àti Ẹni tó ń Wọ̀ ọ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Ṣómólú àti Bàrígà, ọ̀rọ̀ aṣọ ni a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Kì í ṣe aṣọ òde tí a ń rà nítorí ìnáwó, bí kò ṣe aṣọ tó nípọn tí ènìyàn ń wọ̀ ṣiṣẹ́: jíìnsì, kákí, àti àwọn aṣọ ìbílẹ̀ tó jẹ́ ẹgbẹ́ wọn. Àwọn kan nínú wa ń tà á, àwọn kan ń rán an, àwọn mìíràn ń fọ̀ ọ́ gbowó. Ẹ rìn láti Pedro dé Akọ́ka lọ́jọ́ Sátidé, ẹ wo orí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ẹ ó rí i pé jíìnsì ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Irú ẹjọ́ kan wà tí gbogbo ẹni tó ń ta jíìnsì mọ̀. Oníbàárà ra ṣòkòtò tuntun, èyí tó gan bí pákó, tí aró rẹ̀ dúdú minimini. Ó gbé e délé, ó rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná pẹ̀lú ọṣẹ lúbúlúbú ẹ̀kúnwọ́ méjì, ó sì kó ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ọmọ rẹ̀ ń wọ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́ mọ́ ọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ṣẹ́ẹ̀tì ti di búlúù, ṣòkòtò ti gòkè kọjá ọrùn ẹsẹ̀, bọ́tìnnì ìbàdí kò sì pàdé ihò rẹ̀ mọ́. Ó di ṣọ́ọ̀bù: "Ẹ̀yin ìyá yìí, ayédèrú lẹ tà fún mi!" Oníṣọ́ọ̀bù náà ní, "Ọmọ mi, ojúlówó ni mo tà fún ọ." Kò sì purọ́. Ojúlówó ni lóòótọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó sọ fún ẹni tó rà á bí ojúlówó ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá kọ́kọ́ rí omi. Ẹni tó sì yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ fi kó ọjà, tí ó wá dá owó irú ṣòkòtò bẹ́ẹ̀ méjì padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó lè jẹ́ pé èrè ọ̀sẹ̀ náà ti bá a lọ nìyẹn, owó àdápadà ẹgbẹ́ sì ń dúró dè é.

ARÓ KAN NÁÀ NI

Aró tí wọ́n fi ń pa òwú jíìnsì kì í ṣe àjèjì sí wa. Òun náà ni aró tí àwọn ìyá wa ń rí lára ewé ẹlú ní Abẹ́òkúta, ní Òṣogbo àti ní Ìbàdàn, tí wọ́n ń fi omi eérú pò nínú ìkòkò. Ní 1897 ni ilé iṣẹ́ BASF ti ilẹ̀ Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, irú rẹ̀ ni àwọn tó ń hun jíìnsì ń lò jù títí di òní. Ṣùgbọ́n ìwà àwọn méjèèjì kò yàtọ̀.

Ẹni tó bá ti dúró ti aláró rí yóò rántí pé nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa aṣọ yọ nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ni yóò di búlúù. Ìdí rẹ̀ ni pé aró yìí kì í yọ́ nínú omi lásán. Omi eérú àti ohun tó ti kẹ̀ nínú ìkòkò ló ń mú un yọ́ kí ó lè lẹ̀ mọ́ òwú, bí afẹ́fẹ́ bá sì ti kàn án, ó tún le padà síbi tó lẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn òwú ló ń lẹ̀ mọ́ jù o, kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú lọ. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tú òwú kan lára jíìnsì, kí ẹ sì já a: inú rẹ̀ funfun. Ìdí nìyẹn tí aró fi máa ń ràn mọ́ àtẹ́lẹwọ́, mọ́ àga mọ́tò, mọ́ bàtà funfun, tí orúnkún àti ibi àpò fi máa ń kọ́kọ́ ṣá. Bí aró bá ń ràn, ìyẹn nìkan kò sọ aṣọ di ayédèrú.

Nítorí ìdí yìí kan náà, iyọ̀ tí gbogbo ayé ń dà sínú omi "kí aró lè dì mú" kò ṣe iṣẹ́ kan tó ṣe gúnmọ́ lára jíìnsì. Iyọ̀ wúlò fún àwọn oríṣi aró mìíràn, nígbà tí wọ́n bá ń pa aṣọ lọ́wọ́, nínú ìkòkò aró fúnra rẹ̀. Bí jíìnsì bá ti kúrò lọ́wọ́ aláró, iyọ̀ kò ní ohun tí yóò dì mú. Fínígà náà kò lè ṣe é. A mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ yóò fa ọ̀rọ̀ yìí lójú agbo. Ẹ̀yin télọ̀, ẹ̀já aṣọ kì í wọ́n yín: ẹ mú ẹ̀já jíìnsì tuntun méjì, ẹ fi ọ̀kan sínú omi iyọ̀, èkejì sínú omi lásán, kí ẹ fi aṣọ funfun nu àwọn méjèèjì bí wọ́n bá gbẹ. Ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí fún wa.

Ọ̀rọ̀ kí aṣọ ba orúkọ ọlọ́jà jẹ́ kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1920, àdìrẹ Abẹ́òkúta ń tà kọjá ilẹ̀ wa, títí dé Gold Coast àti Sẹ̀nẹ̀gà. Àwọn aláró kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í lo aró òyìnbó àti sódà líle kí iṣẹ́ lè yá. Kò pẹ́ tí ìráhùn fi bẹ̀rẹ̀ pé aṣọ ń ṣá, pé ó ń tètè gbó. Ní àwọn ọdún 1930, Aláké ìgbà náà, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, fòfin de aró òyìnbó àti sódà náà. Àwọn ìyá aláró kò gbà, wọ́n jà fún iṣẹ́ wọn, títí tí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀ ní 1936. Ẹni tó jàre àti ẹni tó jẹ̀bi kọ́ ni a ń wá. Ohun tó kan ọlọ́jà níbẹ̀ ni pé nígbà tí aṣọ bá bàjẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà, kì í dúró béèrè bóyá ọṣẹ ló jẹ ẹ́ tàbí aró. Orúkọ ẹni tó tà á fún un ló máa ń pè.

ÈYÍ TÓ SÚNKÌ ŃKỌ́?

Oríṣi jíìnsì méjì ló wà lórí igbá. Ọ̀kan ti mu omi ní ilé iṣẹ́, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti há a lára, ó rọ̀. Èyí tí a ń rà nínú òkìríkà, tí àwọn àgbà Èkó ń pè ní bọ́síkọ́nà, gbogbo rẹ̀ ló ti mu omi tipẹ́, ìjàǹbá rẹ̀ ti tán. Èkejì kò tíì rí omi rí láti orí ẹ̀rọ ìhunṣọ. Èyí ni àwọn ọ̀dọ́ tó mọ jíìnsì ń wá kiri báyìí, òun náà ló sì ń dá ẹjọ́ sílẹ̀.

Nínú èyí tí kò tíì rí omi, ìyàtọ̀ tún wà. Ní nǹkan bí 1930, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Sanford Cluett gbé ọ̀nà kan jáde tí wọ́n fi ń fún aṣọ pọ̀ ní ilé iṣẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ télọ̀. Bí ẹ bá rí Sanforized lára aṣọ, ohun tó túmọ̀ sí nìyẹn: kò ní súnkì ju díẹ̀ lọ mọ́. Èyí tí wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún lè súnkì tó ìdá 10 nínú 100. Ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ní ínǹṣì 32 lè pàdánù ínǹṣì 3. Lórí ẹni tó ga, àrà nìyẹn.

Ẹ̀yin télọ̀ tí ẹ ń ra jíìnsì ní yáàdì, ẹ má gbọ́ ti ẹni tó ń tà á, ti omi ni kí ẹ gbọ́. Ẹ gé ínǹṣì 12 níbùú àti lóròó, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná fún ìdajì wákàtí, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ tún fi téèpù wọ̀n ọ́n. Bí ó bá di ínǹṣì 11, ẹ rẹ gbogbo yáàdì náà kí ẹ tó gé e. Ẹ fi owó omi àti ọjọ́ kan tó lọ síbẹ̀ kún iye tí ẹ ó gbà, kò sí ojú tì níbẹ̀.

ÌGBÀ WO NI KÍ A FỌ̀ Ọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ lọ́mọ nílé ti lè gbọ́ pé a kì í fọ jíìnsì. Ọ̀rọ̀ yìí ní orírun. Ní 2014, ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ Levi Strauss sọ ní gbangba pé jíìnsì tí òun wọ̀ wá síbẹ̀ ti tó ọdún kan tí kò fojú kan omi. Ṣáájú ìgbà náà, ní 2011, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà wọ ṣòkòtò kan fún oṣù 15 láìfọ̀ ọ́. Wọ́n yẹ kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín ara rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ó fọ̀ ọ́, ó tún wọ̀ ọ́ fún ọjọ́ 13, wọ́n tún yẹ ẹ́ wò: iye kòkòrò náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Bí ó bá ń rùn, inú fíríìsà ló ń gbé e sí.

Ó dára. Ṣùgbọ́n Alberta kì í ṣe Bàrígà. Òtútù ibẹ̀ lè sọ omi di òkúta fún oṣù bíi mélòó kan lọ́dún. Ẹni tó wọ ọkọ̀ láti Charly Boy dé Ọ̀yìngbò nínú oṣù Kẹta, òógùn tó bá ṣòkòtò rẹ̀ lọ́jọ́ kan ju ti ọ̀sẹ̀ kan lọ níbẹ̀. Fíríìsà ńkọ́? Iná wo? Yàtọ̀ sí òórùn, iyanrìn àti eruku tó bá jókòó sí àárín òwú máa ń gé òwú bí ayùn bí a ti ń rìn, pàápàá láàárín itan. Nítorí náà, àìfọṣọ rárá náà ń pa jíìnsì. Àpọ̀jù fífọ̀ sì ń pa á, nítorí gbogbo ìgbà tí ó bá wọ omi ni ó ń sọ aró àti agbára òwú rẹ̀ nù díẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹni tó ń jókòó sí ọ́fíìsì tàbí ṣọ́ọ̀bù wọ jíìnsì rẹ̀ bí ìgbà 6 tàbí 7 kí ó tó fọ̀ ọ́, kí ó máa yí inú rẹ̀ síta kọ́ sójú afẹ́fẹ́ lálaalẹ́. Mẹkáníìkì, fọkanáísà, bíríkìlà àti atẹ̀wé kò lè dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n sì ní méjì tí wọ́n ń pààrọ̀.

BÍ A TI Ń FỌ̀ Ọ́

Ẹ fa síìpù rẹ̀ pa, ẹ de bọ́tìnnì, ẹ yí inú rẹ̀ síta. Omi tútù ni kí ẹ lò. Ọṣẹ lúbúlúbú ṣíbí kan tó fún bọ́kẹ́ẹ̀tì kan. Ìfófò kọ́ ni ìmọ́tótó. Ẹ pò ọ́ kí ó yọ́ tán kí ẹ tó fi aṣọ sí i, nítorí ibi tí ọṣẹ bá dìpọ̀ sí lára jíìnsì tuntun ni yóò ṣá. Ẹ rẹ ẹ́ fún ìdajì wákàtí. Kò sí ìdí fún kí ó sùn mọ́jú. Ẹ fi ọwọ́ rà á, ẹ fún ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ àti ìbàdí ní àfiyèsí, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì líle ló ń fa ìlà funfun gbọọrọ tí a ń rí lẹ́bàá ojú rírán, kò sì sí ohun tó lè pa á rẹ́. Ẹ fi omi ṣan án títí omi yóò fi mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ àti ìkejì, òun nìkan ni kó wà nínú bàsíà.

Ẹ má lọ́ ọ bí ẹni lọ́ okùn. Ẹ kọ́ ọ síbi ìbàdí, kí omi ro ó sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ na ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù. Ibòòji tí afẹ́fẹ́ wà ni kí ẹ kọ́ ọ sí, inú síta. Oòrùn ọ̀sán máa ń jẹ aró bí iná. Ẹ má sì fi sórí páànù tó ti dógùn-ún.

Ọ̀rọ̀ omi náà ṣe pàtàkì ní àdúgbò wa. Omi bọ́ọ̀hóòlù tàbí kànga tó bá ń fi ohun pípọ́n sí ìsàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì, irin ló wà nínú rẹ̀. Ẹ pọn ọ́n sílẹ̀ lálẹ́, kí pípọ́n rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ rọra da ti òkè lò ní àárọ̀. Ẹ má ṣe da Jíìkì sí irú omi bẹ́ẹ̀ láé: kíá ni irin inú rẹ̀ yóò pọ́n, tí yóò sì lẹ̀ mọ́ aṣọ. Jíìkì kò tilẹ̀ ní iṣẹ́ lára jíìnsì. Ó ń jẹ aró, ó sì ń jẹ òwú pẹ̀lú. Bí ó bá pẹ́ lára rẹ̀, ẹ fa ibẹ̀ wò, yóò ya bí ìwé.

YÍǸKÌ ÀWỌN ATẸ̀WÉ

Ṣómólú ni ìlú ìtẹ̀wé ní Èkó, ẹni tó bá mọ Òpópó Ṣípéolú mọ̀ pé a kò ṣe àsọdùn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó wà nídìí ẹ̀rọ máa ń béèrè ohun tó ń yọ yíǹkì. Yíǹkì tí wọ́n ń fi tẹ̀wé, epo ló wà nínú rẹ̀, omi nìkan kò lè mú un. Ẹ kọ́kọ́ fi àkísà gbígbẹ nu èyí tó wà lójú aṣọ kúrò, ẹ má fi pa á wọlé. Ẹ tẹ́ àkísà mìíràn sábẹ́ ibẹ̀. Ẹ fi òróró ẹ̀pà tàbí kẹ́rósíìnì díẹ̀ sára òwú, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ sí àárín, kí àkísà tó wà nísàlẹ̀ fà á mu. Ìgbà náà ni kí ẹ fi ọṣẹ ìfọṣọ gbígbẹ pa ibẹ̀ kí ó tó kan omi. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ ṣe é. Bí yíǹkì bá gbẹ di ọjọ́ kejì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ti aṣọ. Ẹ má sì lọ aṣọ náà kí àbàwọ́n tó kúrò, ooru ló ń dè é mọ́ ibẹ̀.

Àwọn kan ń lo bẹntiróòlù, nítorí òun ni wọ́n fi ń nu ẹ̀rọ. Kí ó tán síbẹ̀. Bẹntiróòlù ń fẹ́ èéfín tí ojú kò rí, èéfín náà sì ń rá lọ nílẹ̀ títí yóò fi bá sítóòfù tàbí jẹnẹrétọ̀ pàdé. Yàrá kan tí a ti ń sè tí a ti ń sùn kì í ṣe ibi tí a ń gbé ṣòkòtò tó rùn bẹntiróòlù wọ̀. Ìta ni kí ó sùn títí òórùn náà yóò fi lọ tán pátápátá. Bí kẹ́rósíìnì ni ẹ lò, kí òórùn rẹ̀ lọ kí ẹ tó gbé áyọ́ọ̀nù lé e.

Epo pupa rọrùn ju yíǹkì lọ: ọṣẹ kí omi tó dé, ohun tó bá ṣẹ́kù, oòrùn yóò pa á. Síbẹ̀ oòrùn yìí kan náà ni a ní kó má dé ara jíìnsì, nítorí náà ẹ wo èyí tó dùn yín jù. Sìmẹ́ńtì ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ gbọ̀n ọ́n dànù. Ẹni tó fi omi sí i ń mọ ilé sára ṣòkòtò.

ÀWỌN ẸGBẸ́ RẸ̀

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ẹlú pa kò gba ju ohun tí a sọ fún jíìnsì lọ: òun nìkan, omi tútù, ibòòji. Kíjìpá tí àwọn ìyá wa ń hun lórí òfì olóòró lè fara da ìfọ̀ ju gbogbo wọn lọ, bí ẹ bá ṣì ní i nílé ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di àkísà. Aṣọ òkè kì í ṣe ti bàsíà rárá, ẹ sá a sáfẹ́fẹ́, ẹ nù ú, ẹ ká a. Kákí gba fífọ̀ àti lílọ̀, ṣùgbọ́n kí sítáàṣì má pọ̀, torí ibi tí a bá ká a sí ni yóò ti kọ́kọ́ já.

Ìgbà òjò ni ọ̀tá gbogbo wọn. Jíìnsì lè gbẹ lójú kí ìbàdí àti inú àpò rẹ̀ ṣì tutù. Ẹ ki ọwọ́ bọ àpò kí ẹ tó ká a. Bí ẹ bá ká a bẹ́ẹ̀ sínú báàgì, yóò bu láàárín ọjọ́ mélòó kan, òórùn náà kì í tètè lọ. Ẹ̀yin tí ẹ kó ọjà sí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ní Bàrígà, níbi tí omi ti máa ń wọlé, ẹ gbé pákó sábẹ́ báálì, kí ẹ sì jẹ́ kí ó jìnnà sí ògiri. Káńfọ̀ ń lé kòkòrò, kò ń lé ọ̀rinrin.

Itan ló máa ń kọ́kọ́ gbó. Ẹ máa gbé e sókè wo iná lẹ́yìn ìfọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń gba ibẹ̀ kọjá, ẹ gbé e lọ bá télọ̀ kó rán aṣọ mọ́ ọn láti inú. Kí ihò tó dé, iṣẹ́ kékeré ni. Lẹ́yìn ihò, ó di àlẹ̀mọ́ tí gbogbo ayé ń rí.

OHUN TÍ Ó KÙ SÍ ỌWỌ́ ỌLỌ́JÀ ÀTI ALÁGBÀFỌ̀

A dábàá pé kí gbogbo ẹni tó ń ta jíìnsì tí kò tíì rí omi ní kí atẹ̀wé kan nínú ẹgbẹ́ tẹ ìwé pélébé fún un, kí ó máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àpò ṣòkòtò: aró yóò ràn ní ìbẹ̀rẹ̀, yóò súnkì, omi tútù, òun nìkan, ibòòji. Kí ó sì fi ẹnu sọ ọ́ pẹ̀lú, kí owó tó gba ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì. Ẹni tí a ti sọ fún kì í padà wá pẹ̀lú ariwo. Bí ó bá tilẹ̀ wá, ó mọ̀ pé a sọ fún òun.

Ẹ̀yin alágbàfọ̀, kí ẹ tó gba aṣọ, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lójú oníṣọ́. Ẹ fi aṣọ funfun tó tutù nu inú ìbàdí rẹ̀: bí ó bá di búlúù, ẹ fi han án. Ẹ ka bọ́tìnnì, ẹ wo itan, ẹ ki ọwọ́ bọ gbogbo àpò. Kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé, kí òun náà fi ọwọ́ sí i. Ẹni tó ní kí ẹ dà á pọ̀ mọ́ aṣọ funfun òun nítorí owó, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀ kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ omi.